Bí Mo Ṣe Kọ́ Kéèkì Adojúdé Nílé Ìyáàfin Ṣówùnmí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá ń fi kéèkì ṣíṣe ṣe iṣẹ́, adùn ló ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà ní Abẹ́òkúta, bí mo bá sì kó gbogbo èyí tí mo jẹ níbẹ̀ jọ, bóyá ni yóò kún abọ́ kan. Imú ni mo fi ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, tí ẹ sì máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ kéèkì dára, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe lọ, kí ẹ fúnra yín wò ó.

Kúdírátù ni orúkọ mi. Ìtókù ni wọ́n bí mi sí, láàárín ìkòkò aró. Ìyá mi ń rẹ àdìrẹ, ìyá tó bí i náà rẹ àdìrẹ, gbogbo ilé sì gbà pé èmi náà yóò tọwọ́ bọ aró. Ṣùgbọ́n aró kò gbà mí. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, ara mi á sú wóró-wóró, yóò sì máa yún mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo jáde iléèwé girama, ìyá mi wò mí títí, ó ní, "Ẹni tí omi ilé rẹ̀ bá kọ̀, á wá omi ibòmíràn mu."

Abẹ́òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ya wọ ìlú, Ìbarà ń kún. Àwọn tí kò ka kéèkì sí tẹ́lẹ̀ wá ń fẹ́ ẹ fún ọjọ́ ìbí ọmọ, fún ìgbéyàwó, àní fún ìsìnkú àgbà. Obìnrin tí wọ́n ń lọ bá ni Ìyáàfin Ṣówùnmí ní Ìgbẹ̀in, opó kan, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìtọ́jú ilé níléèwé kó tó fẹ̀yìn tì. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní pátákó. Ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi kọ́kọ́ ráhùn. Ó ní kí ni ọmọ Mùsùlùmí ń wá lọ sílé àwọn onígbàgbọ́. Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Ṣé ìyẹ̀fun náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, a sì gbọ̀nà Ìgbẹ̀in.

"Ẹ kú ilé o, Mà," ni ìyá mi wí. "Ọmọ mi rèé. Aró ló kọ̀ ọ́."

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé aláìlera ni?"

"Rárá, Mà. Aró nìkan ni."

Ó ní kí n na ọwọ́ mi. Ó di àwọn ìka mi mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ orí wọn. "Èékánná rẹ gùn. Gé e kí o tó wá lọ́la. Aago mẹ́fà ni mo ń tanná."

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé. Ó ní kí n máa lọ sílé, kí n tún padà wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún ní láti pè mí jí mọ́. Ti owó ìkọ́ṣẹ́, ìyá mi fi àdìrẹ méjì kún un, kò sì sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Odindi oṣù mẹ́fà ni mo lò tí n kò fọ́ ẹyin kan. Páànù ni mò ń fọ̀, ìyẹ̀fun ni mò ń jọ̀. Ààrò tí a ń lò kì í ṣe ti òde òní. Ìkòkò irin ńlá kan ni, a da yanrìn odò Ògùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èédú wà lábẹ́, èédú wà lórí ọmọrí. Kò sí ohun tó ń sọ bí iná ṣe gbóná tó. Ọwọ́ ni ọ̀gá mi fi ń wọ̀n ọ́n. Á ní kí n na àtẹ́lẹwọ́ mi sókè iná, kí n máa ka ení, èjì.

"Bí o bá kà dé ẹẹ́wàá tí ọwọ́ rẹ kò tíì sá, iná kò tó. Bí ó bá sá ní ẹẹ́ta, iná ti pọ̀ jù. Eéje ni mo fẹ́."

Mo ka eéje yẹn títí irun ọwọ́ mi fi jó tán.

Ó tún le lórí pẹpẹ rẹ̀. Agolo mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo, agolo kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tirẹ̀. Ṣíbí gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún, kó kọjú sí ògiri. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wà lórí aṣọ ìnuwọ́. Bí mo bá gbé ìgbákọ sí òsì, ìgbákọ náà ló máa bá mi lórí. Mo máa ń rò ó nínú ara mi pé àìsàn àwọn tíṣà ni èyí.

Síbẹ̀, obìnrin náà mọ ẹ̀tọ́. Bí agogo bá lu mẹ́rin, tí mo bá ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́, á ní, "Kúdí, àkókò ìrun ti tó. N kò fẹ́ kí Ọlọ́run bi mí pé kí ló dé." Nígbà tí àwẹ̀ Rámádàánì dé, mo sọ fún un pé n kò ní lè tọ́ bọ́tà àti ṣúgà tí a pò wò lójú ọ̀sán. Ó ní, "Ta ló ní kí o tọ́ ọ wò? Ọlọ́run fún ọ ní imú." Oṣù yẹn ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbóòórùn kéèkì. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iná, ẹyin ni wàá gbọ́ òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bọ́tà. Nígbà tí ṣúgà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán bí àgbàdo tí wọ́n sun, jáwọ́ nínú ohunkóhun tí o bá ń ṣe, kí o sì dúró tì í.

Kéèkì tí òkìkí rẹ̀ fi kàn ni èyí tí à ń pè ní adojúdé. A ó yọ́ bọ́tà àti ṣúgà nínú páànù títí yóò fi pọ́n bí oyin. A ó to èso sórí rẹ̀, gbogbo ẹwà ojú rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Lẹ́yìn náà ni a ó da kéèkì tí a ti pò lé e lórí. Bó bá jinná, a ó fi àwo bò ó, a ó sì dà á dé. Ohun tó wà nísàlẹ̀ á wá di òkè. Ọ̀pẹ̀yìnbó la sábà máa ń lò, nítorí ó wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí olówó bá fẹ́, a ń lo sitirọ́bẹ́rì inú agolo, èso òyìnbó pupa kékeré kan tí kò tóbi ju ọkàn adìyẹ lọ, láti Èkó ni wọ́n ti máa ń rà á wá.

Ìgbà tí wọn yóò dà á dé ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bí o bá yára, omi ṣúgà á ṣàn lọ. Bí o bá pẹ́, ṣúgà á di, á sì fa ojú kéèkì ya. Ọ̀gá mi kì í wo aago. Orin ìjọ kan ló máa ń kọ, ẹsẹ mẹ́rin. Bó bá parí ẹsẹ kẹrin, á dà á dé, á gbá ìdí páànù lẹ́ẹ̀kan, á sì gbé e kúrò. Bí kéèkì náà ṣe máa ń jáde, tí gbogbo èso á máa dán lórí rẹ̀ tí ẹyọ kan kò ní yẹ̀, ó máa ń ṣe mí bí i pé kí n kúnlẹ̀. Èmi ọmọ Mùsùlùmí láti Ìtókù mọ gbogbo ẹsẹ mẹ́rin náà sórí kí ọdún tó yí.

Ní ọdún kejì mi ni aburú ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sista Fúnmi ti òkè òkun dé. Bàbá rẹ̀, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ ṣe ọgọ́rin ọdún nílé wọn ní Ìbarà. Sista Fúnmi gbé agolo sitirọ́bẹ́rì mẹ́ta wá fún ọ̀gá mi. Ó ní bàbá òun jẹ èso náà nígbà tó lọ kàwé nílùú òyìnbó láyé àtijọ́, òun sì fẹ́ kó tún jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ńlá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, ọ̀gá mi lọ sí ìpàdé ìjọ. Mo wà nílé nìkan, ọwọ́ mi sì dilẹ̀. Mo ní kí n ṣe ohun tí yóò dùn mọ́ ọn nínú. Mo kó gbogbo agolo kúrò lórí pẹpẹ, mo fọ pẹpẹ náà, mo nu agolo, mo sì tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe ga sí, láti orí èyí tó ga jù dé orí èyí tó kéré jù. Ó wù mí bí mo ṣe ń wò ó.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí n tó dé. Òun fúnra rẹ̀ ló po gbogbo rẹ̀. Èmi ń fẹ́ èédú lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí òórùn ṣúgà jáde, mo dúró, ṣùgbọ́n nǹkan kan kù. Kéèkì náà kò gbéra. Ọ̀gá mi kọ ẹsẹ mẹ́rin rẹ̀, ó dà á dé, ó sì gbá ìdí páànù. Ohun tó jáde pẹlẹbẹ, ó wúwo, ó sì rin bí búlọ́ọ̀kù tí òjò pa. Àwọn èso pupa rírẹwà yẹn ti rì sínú rẹ̀.

Ó fi ìka kàn án. Ó tún fi ìka kàn án. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó gbé agolo kẹrin, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Kọ́sítáàdì ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí ìyẹ̀fun tó ń mú kéèkì wú ti máa ń wà ni mo gbé kọ́sítáàdì sí.

Ó dé agolo náà, ó sì gbé e padà sórí pẹpẹ. Èmi náà padà sídìí èédú mi.

Sista Fúnmi dé ní aago mẹ́wàá. Ọ̀gá mi dìde dúró láti bá a sọ̀rọ̀.

"Kéèkì náà bàjẹ́, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Má bínú."

"Mọ́mì, láàárín aṣọ mi ni mo kó àwọn agolo yẹn sí kí wọ́n má bàa lu."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Sista Fúnmi kò pariwo. Ó kàn yíjú padà, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n níbi àríyá náà, nígbà tí wọ́n ń béèrè kéèkì, ó sọ fún àwọn obìnrin pé ọwọ́ Ìyáàfin Ṣówùnmí ti di ọwọ́ àgbà. Ẹyin lọ̀rọ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni mẹ́ta ti wá sọ pé àwọn kò fẹ́ kéèkì mọ́. Ọ̀gá mi á jókòó sí ìdáná, iná á tàn, kò sì ní sí ohun tí a máa gbé ka orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mà, èmi ni mo to pẹpẹ."

"Mo mọ̀. Ta ni ìbá tún jẹ́?"

"Kí ló dé tí ẹ kò nà mí?"

"Bí mo bá nà ọ́, wàá bi ara rẹ léèrè ìdí tí odindi tíṣà kò fi lè ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ òtítọ́. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti lọ láti bí ọdún mẹ́ta. Ti òsì ṣì ń ríran díẹ̀, ó ní bí ìgbà tí ènìyàn ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ ni. Dókítà ti sọ fún un pé kò ní padà bọ̀ sípò. Mo wá rántí ṣíbí tó gbọ́dọ̀ kọjú sí ògiri, mo rántí ìka mi tó dì mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú sì tì mí. Ohun tí mo ń pè ní líle, òun ni obìnrin náà fi ń ríran.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́," ni ó wí. "Ta ló máa jẹ kéèkì tí afọ́jú ṣe?"

Lọ́jọ́ kejì, láìsọ fún un, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìbarà. Mo bá Sista Fúnmi àti bàbá rẹ̀ nínú pálọ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, èmi ni mo ba kéèkì yẹn jẹ́. Mo pààrọ̀ agolo lórí pẹpẹ, ọ̀gá mi kò mọ̀. Wọ́n kàn bò mí láṣìírí ni."

Sista Fúnmi ń wò mí. Bàbá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá rẹ ló rán ọ?"

"Rárá, Bàbá. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á bínú."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé ọ̀pẹ̀yìnbó wà lọ́jà?"

"Ó wà, Bàbá."

"Ẹ bá mi ṣe ti ọ̀pẹ̀yìnbó. Ọdún kan ni mo lò nílùú òyìnbó, òtútù nìkan ni mo rántí. Fúnmi ló ń sọ pé mo fẹ́ràn èso pupa yẹn. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí."

Sista Fúnmi wo bàbá rẹ̀ lójú, ẹ̀rín sì gbà á. Ó ní kí n dìde.

Inú ọ̀gá mi kò dùn nígbà tí mo jábọ̀. Ó bi mí bóyá mo dárúkọ ojú òun. Mo ní n kò dárúkọ rẹ̀. Ó wá ní, "Lọ ra ọ̀pẹ̀yìnbó. Gbóòórùn ìdí rẹ̀ kí o tó sanwó. Ìwọ lo máa ṣe é."

Ọjọ́ náà ni mo kọ́ ohun tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ wa. Nígbà tí mo fẹ́ fi igi ìgbálẹ̀ gún kéèkì náà wò, ó gbá ọwọ́ mi sẹ́yìn. "Gbé etí sí i." Mo tẹríba sí i, mo gbọ́. Ó ń dún kíṣíkíṣí, bí òjò tó ń dá lórí páànù ilé. "Kò tíì jinná. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀." A dúró. Ìró náà ń rọlẹ̀, ó ń rọlẹ̀, títí tó fi ku bí èémí ọmọ tó ń sùn. "Ó tó. Gbé e." A jọ kọ ẹsẹ mẹ́rin. Èmi ni mo dà á dé, èmi ni mo gbá ìdí páànù. Òun fi ìka méjì rìn lórí ojú kéèkì náà, láti orí òrùka ọ̀pẹ̀yìnbó kan dé òmíràn, ó ní, "Méje. Kò sí èyí tó yẹ̀." Ní ọdún méjèèjì tí mo ti lò lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyẹn ni ìyìn àkọ́kọ́ tí mo gbọ́.

Àwọn oníbàárà padà díẹ̀díẹ̀. Bàbá Ìbarà fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún wọn. A ṣe báyìí fún ọdún mẹ́rin, ojú mi àti ọwọ́ rẹ̀. Irinṣẹ́ sì ń yí padà. A fi ìkòkò yanrìn sílẹ̀, a ra ófùn onípáànù tí a ń gbé ka orí sítóòfù karosíìnì. Nígbà tó yá, ti onígáàsì dé. A ra ẹ̀rọ tó ń po kéèkì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n iná ìjọba kì í dúró, ìgbákọ kò sì lọ jìnnà. Ìlú wá le. Wọ́n fòfin de àwọn ohun tó ń ti òkè òkun wọlé, agolo sitirọ́bẹ́rì pòórá lọ́jà, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun wíìtì di góòlù. Ọ̀gá mi kò ráhùn. Ó ní kí n se ìṣápá pupa pẹ̀lú ṣúgà títí yóò fi ki, kí n tò ó sí ìsàlẹ̀ páànù. Ó kan díẹ̀, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń béèrè irú èso òyìnbó tó jẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo gba fírídọ̀mù, àgbàlá kún. Ìyá mi wà níbẹ̀, Sista Fúnmi wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi gbàdúrà fún mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó wá kọjú sí àwọn ènìyàn. "N kò ríran mọ́. Ó ti pẹ́. Gbogbo kéèkì tí ẹ ti jẹ nílé yìí láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ojú ọmọ yìí ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ wá mọ́, n kò bá a jà." Àwọn kan kò padà wá mọ́ lóòótọ́. Àwọn tó pọ̀ jù ń wá. Obìnrin náà ṣe kéèkì fún ọdún mélòó kan sí i, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ tuntun tó ń to pẹpẹ gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́.

Èmi gba yàrá kan ní Láfẹ́nwá, mo ń ṣe tèmi. Mo fẹ́ ọkọ, mo bímọ, iṣẹ́ náà sì bọ́ wa. Nígbà tí yunifásítì àgbẹ̀ dé, títí dé Alábàtà ni mò ń gbé kéèkì lọ. Mo ti kọ́ ọmọ mọ́kànlélógún níṣẹ́. Bí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára, mo lè sọ pé ó dára fún ẹni tó bá lè dúró.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ọ̀gá mi ti darúgbó, awakọ̀ kan tó ń kó ànàmọ́ òyìnbó àti kárọ́ọ̀tì láti Jọs wá sí ọjà Láfẹ́nwá gbé agbọ̀n kékeré kan fún mi. Sitirọ́bẹ́rì ni, tútù. Ìdajì ti jẹrà lọ́nà. Mo ṣa èyí tó dára, mo sì gba Ìgbẹ̀in lọ láti ṣe adojúdé fún ọ̀gá mi nínú ilé ìdáná rẹ̀.

Mo fi ẹyọ kan sí i lọ́wọ́. Ó yí i láàárín ìka rẹ̀ títí. Ó fọwọ́ kan ewé tó wà lórí rẹ̀, ó fọwọ́ kan àwọn hóró wẹ́wẹ́ ara rẹ̀.

"Ṣé báyìí ló ṣe rí?"

"Báyìí ni, Mà. Ṣé ẹ kò rí i rí ni?"

"Inú agolo nìkan. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ènìyàn ní bí wọ́n ṣe ń tò ó."

Ó fi í sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́. Ó tún na ọwọ́, mo fún un ní òmíràn. Mo dìde láti yọ́ bọ́tà. Ó di aṣọ mi mú.

"Má tanná," ni ó wí. "Fa àga sún mọ́bí, kí ìwọ náà jẹ nínú rẹ̀."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ obìnrin náà, n kò tíì jókòó nínú ilé ìdáná yẹn rí. Mo fa àga, mo jókòó tì í. A jẹ gbogbo rẹ̀ tán nínú agbọ̀n, lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò ṣe kéèkì kankan lọ́jọ́ náà.